Pebble Beach kì í ṣe ti onílé nìkan
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún èyí ṣe. Ẹ ní ẹni tí kò nílé nínú ọgbà Pebble Beach ní Kalifọ́níà kò lè gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀, pé Jack Nicklaus, gbajúmọ̀ agbá-gọ́ọ̀fù, ló sì ya àwòrán pápá rẹ̀. Rárá o. Jack Neville àti Douglas Grant ló yà á. Ọdún 1919 ni pápá náà ṣí. Nicklaus gba ife U.S. Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá, níbẹ̀ lọ́dún 1972, ihò karùn-ún nìkan ló sì tún yà ní 1998. Géètì wà lóòótọ́, ọkọ̀ àlejò sì ń sanwó kó tó gba 17-Mile Drive, ojú ọ̀nà inú ọgbà náà, kọjá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá lè san owó eré ló lè gbá a. Owó ọ̀hún wọ́n gan-an, ìyẹn ò ṣeé fi pa mọ́. Cypress Point, pápá gọ́ọ̀fù mìíràn tó wà nítòsí, ló jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ nìkan.