Orúkọ Russo Kò Wá Láti Rọ́ṣíà

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo tún gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó máa ń bí mi nínú. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ń là á yé gbogbo wa pé ọmọ ìran ará Rọ́ṣíà ni àwọn ará Ítálì tí ń jẹ́ Russo. Ẹ̀rí wọn kò ju ìwé atúmọ̀-èdè lọ: russo ni èdè Ítálì ń pe ará Rọ́ṣíà. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wọn pé èdè ìwé ni àwọn baba ńlá àwọn Russo ń sọ?

Russus ni Látìn ń pe pupa. Ní àríwá àti àárín gbùngbùn Ítálì, ọ̀rọ̀ náà di rosso, inú rẹ̀ sì ni orúkọ ìdílé Rossi ti jáde. Ní ẹnu àwọn ará Naples àti Sicily ní gúúsù, fáwẹ̀lì u kò kúrò níbẹ̀, russo ni wọ́n ń pe pupa. Ìnagijẹ ni Russo fún ẹni tí irun tàbí irùngbọ̀n rẹ̀ bá pupa, gẹ́gẹ́ bí Bianchi ti wá láti ara funfun.

Mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé oúnjẹ kan ní Naples fún ọdún méjì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, màmá tí ó jẹ́ ọ̀gá wa níbẹ̀ ní kí n ya russo ẹyin sọ́tọ̀, mo sì dúró tí mò ń wò wọ́n, nítorí russo kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nígbà náà ni èyí tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Pupa ẹyin ni wọ́n ń béèrè, gẹ́lẹ́ bí àwa náà ti ń pè é. N kò tíì rí ará Rọ́ṣíà kankan nínú ẹyin.

Ẹni tí kò bá gba ti ẹyin, kí ó wo ibi tí orúkọ náà ti pọ̀. Rossi ni orúkọ ìdílé tí ó wọ́pọ̀ jù ní Ítálì, Russo sì ni ó máa ń tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n Campania, ìyẹn agbègbè tí Naples wà, àti Sicily ni àwọn Russo kún sí, nígbà tí Rossi gba àríwá àti àárín. Ìpín yìí bá ààlà èdè mu. Bí ó bá jẹ́ pé àlejò láti Rọ́ṣíà ni wọ́n, Venice àti Genoa ní àríwá, tí àwọn oníṣòwò wọn ń ná Òkun Dúdú lọ́nà Rọ́ṣíà láyé àtijọ́, ni à bá ti máa bá wọn jù. Ẹ tún wo ìdílé ńlá Rossi ti ìlú Parma ní àríwá Ítálì, tí àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ ń pè ní de Rubeis nínú ìwé Látìn: rubeus, pupa náà ni.

Àwọn kan yóò ní àwọn mọ Russo kan tí ojú rẹ̀ jọ ti ará Moscow. N kò ní fèsì sí ìyẹn.

Lóòótọ́, wọ́n kó ẹrú wá sí Genoa àti Venice láti etí Òkun Dúdú ní sẹ́ńtúrì 14 àti 15, àwọn ará Rọ́ṣíà sì wà lára wọn, nítorí náà n kò ní búra pé kò sí ìdílé kan ṣoṣo tí ó gba orúkọ náà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó bí gbogbo Russo tí ó kún Naples.