Ọjọ́ Iṣẹ́ Ta Ni?

Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ gbé "ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún" wọ Èkó? Báńkì ń sọ ọ́, àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ ọ́, kódà télọ̀ ní Sùúrùlérè ti ń sọ ọ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ọjọ́ wo gan-an ni ọjọ́ kìíní.

Ibẹ̀ sì ni ìjà wà. Yorùbá kì í fi òní sílẹ̀ tó bá ń ka ọjọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, Ajé tó tẹ̀ lé e la ó sọ ọ́ lórúkọ, a ó sì ní ó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ fi ìka kà á, ọjọ́ ìbí ni ìkíní. Ìjẹta náà, òní tí a kà mọ́ ọn ló jẹ́ kó di mẹ́ta. Báńkì ní tiẹ̀, òdo ni òní. Ṣẹ́ẹ̀kì tó bá wọlé lónìí, "T+1" ni wọ́n ń pè é: òní ò sí nínú kíkà, ọ̀la ni ọ̀kan.

Ẹ wá wo màmá tó ń ta léèsì ní Balógun. ATM yọ owó nínú àkáǹtì wọn, kò pọ owó síta. Wọ́n pe báńkì lọ́jọ́bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

"Màmá, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni, ẹ máa rí álẹ́ẹ̀tì."

Màmá kà á: Ọjọ́bọ̀ ọ̀kan, Ẹtì méjì, Àbámẹ́ta mẹ́ta (ọjọ́ tí èrò ń rọ́ wọ Balógun, ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́?), Àìkú ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, Ajé mẹ́rin, Ìṣẹ́gun márùn-ún. Ní Ìṣẹ́gun, màmá ti jókòó sí báńkì.

Ní ti báńkì, aago mẹ́rin ti kọjá nígbà tí ìpè yẹn wọlé, nítorí náà Ẹtì ló gba ẹjọ́. Ẹtì wá di òdo. Ajé ni ọ̀kan, Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ló tó márùn-ún. Bí ìjọba bá lọ fi Ajé yẹn ṣe ọlidé, ó di Ajé tó tún tẹ̀ lé e: ọjọ́ mọ́kànlá gbáko sí ọjọ́ tí wọ́n pè. (Méjìlá ni, tí a bá kà á bíi ti màmá.)

"Ọmọ mi, ọjọ́ wo lèmi kì í ṣiṣẹ́?" Ẹ dá màmá lóhùn o.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ò yẹ kó wọ ẹjọ́ yìí rárá. Láti 8 oṣù kẹfà 2020 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ní kí wọ́n máa fi wákàtí kà á. Tó bá jẹ́ ATM báńkì rẹ fúnra rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí owó padà. Bí ẹ̀rọ ò bá dá a padà, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ. ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48. POS tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72. Wákàtí ò mọ Àìkú. Nítorí náà, tí ẹ bá ń fẹjọ́ sùn, ẹ sọ báńkì tó ni ẹ̀rọ yẹn, torí òun ló ń pín 24 níyà sí 48. Ẹ sọ aago tó ṣẹlẹ̀ àti iye owó, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ má tún sọ fún mi pé òfin ló yọ Àbámẹ́ta. Interpretation Act tiwa (òfin tó ń sọ bí a ṣe ń túmọ̀ òfin), abala 15, níbi tó ti ń sọ bí a ṣe ń ka ọjọ́ tí òfin bá dá, Àìkú àti ọlidé ìjọba nìkan ló pè ní ọjọ́ ìsinmi. Òótọ́ ni pé òun náà kì í ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀; màmá pàdánù níbẹ̀. Àmọ́ Àbámẹ́ta wọn wà ńbẹ̀ digbí.

Àwọn òǹtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Yábàá ló tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gba owó ní Àìkú, wọ́n ń polówó ní Àìkú, ẹrù nìkan ni kì í rìn ní Àìkú.

Ṣé kí wọ́n kúkú kọ déètì sílẹ̀, "Ẹtì, 14, kí aago mẹ́rin tó lù"? Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ní 2023, Èkó fi Ajé, 21 oṣù kẹjọ ṣe ọlidé Ìṣẹ̀ṣe, ìjọba àpapọ̀ ò sì fún tiẹ̀: Aláùsá tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà sinmi, Marina tí àwọn báńkì wà ń ṣiṣẹ́. Déètì ta ni ká wá kọ? Ìtúnu ààwẹ̀ ńkọ́, tó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la la ṣì ń wojú ọ̀run bóyá oṣù á lé?