Awò ojú kì í sọ ojú di ọ̀lẹ

Bí ẹnì kan bá ti lé lógójì ọdún ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tó wá ń na tẹlifóònù síwájú kó tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ìmọ̀ràn tó máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ará ilé ni pé: "Má tíì fi lúnẹ́ẹ̀tì kan ojú o. Tó o bá ti wọ̀ ọ́ báyìí, ojú rẹ á ya ọ̀lẹ, nọ́mbà rẹ̀ á máa gòkè, o ò sì ní lè fi í sílẹ̀ mọ́." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Kétu, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Sábẹ̀ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a ò ní fi àwọn tó ń sọ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, torí ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí ni wọ́n ń sọ. Òótọ́ ni pé nọ́mbà, ìyẹn iye tó ń sọ bí awò ṣe lágbára tó, ń gòkè. Òótọ́ ni pé lẹ́tà máa ń dàrú bí èèyàn bá bọ́ awò. Awò ni wọ́n wá di ẹ̀bi rẹ̀ rù, awò ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ọmọlójú, awò kékeré kan wà tí wọ́n bí mọ́ wa. Tí a bá ń wo ohun tó wà nítòsí, iṣan tó yí i ká á fún, awò náà á wú láàárín, lẹ́tà á sì yọ kedere. Kó tó lè wú, ó gbọ́dọ̀ rọ̀. Ẹ rántí ẹ̀kọ: nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sínú ewé, ó ń ṣàn; bó ti ń tutù ló ń dì, tó bá sì dì tán, bí wọ́n ṣe pọ́n ọn náà ló máa wà. Bí awò inú ojú ṣe ń le nìyẹn láti kékeré, láìdáwọ́dúró. Ọmọ ọdún 10 lè ka ìwé tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 8 péré sí ojú rẹ̀. Ní ọdún 45, ìwé náà ti ní láti sún sẹ́yìn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Ní ọdún 60, ó lè tó mítà kan, ọwọ́ ta ló sì gùn tó bẹ́ẹ̀?

Awò tí a gbé ka imú kò kan ti inú yẹn rárá. Kò tì í, kò fà á. Kì í ṣe pé iṣan kan sùn tí a fẹ́ jí i, ara awò náà ló le. Ewú ń hù lábẹ́ fìlà, ó ń hù lórí ẹni tí kì í dé fìlà, kò sì sẹ́ni tó dá fìlà lẹ́bi. Ní nǹkan bí ọdún 42, +1.00 ló sábà máa ń tó fún ìwé kíkà. Ní ọdún 50, +1.75 tàbí +2.00, ní ọdún 60, +2.50. Ẹni tó ti ń wọ awò láti ọdún 42 àti ẹni tó kọ̀ ọ́ títí di 60, ìdí +2.50 kan náà ni wọ́n máa ti pàdé. Láti nǹkan bí ọdún 60 sí 65, nọ́mbà ìkàwé kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè mọ́, kódà bí ẹ bá ń fi awò sùn, torí kò sí rírọ̀ tó ṣẹ́kù tó tún máa le. Tó bá jẹ́ awò ló ń fà á ni, kí ló dé tó fi ń dúró?

Ti lẹ́tà tó ń dàrú ńkọ́? Kí ẹni náà tó ra awò, lẹ́tà náà ti dàrú lójú rẹ̀, ó kàn ti mọ́ ọn lára ni. Ó ń fún ojú pọ̀, ó ń gbé ìwé lọ síbi oòrùn, ó ń fi iyè méfò ọ̀rọ̀ tí kò rí dáadáa. Lọ́jọ́ tó bá fi ìdajì wákàtí rí lẹ́tà bó ṣe rí gan-an, tó wá bọ́ awò, ìgbà náà ló tó mọ bí ìdàrú náà ṣe pọ̀ tó.

Ẹni tó ń dúró kí ojú "lágbára" fúnra rẹ̀ ń fi owó ṣòfò. Ní Bangladesh, àwọn olùwádìí kó èèyàn 824 jọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 35 sí 65, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ iṣẹ́ tí a ń fojú sún mọ́, irú bíi rírán aṣọ. Wọ́n fún àwọn kan ní awò ìkàwé lọ́fẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí àwọn yòókù dúró. Lẹ́yìn oṣù 8, owó tó ń wọlé fún àwọn tó gba awò ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti àwọn tó ń dúró lọ. Ọdún 2024 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Aránṣọ tó ń fi òwú wá ihò abẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọjà Wàndo kò nílò ìwádìí kó tó mọ̀.

Ibi tí owó ti ń bàjẹ́ ni ríra nọ́mbà tí kò báni mu. Ọ̀pọ̀ èèyàn a dúró níwájú àtẹ, wọ́n á máa dán awò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sọ lẹ́tà di ràbàtà ni wọ́n á gbé. Ìyẹn sábà máa ń le jù. Ilé ni orí fífọ́ á ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ní awò ti ba ojú àwọn jẹ́. Kò bà á jẹ́, nọ́mbà ni wọ́n ṣì rà. Èyí tó kéré jù lọ tí ẹ lè fi ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ní ibi tí ọwọ́ yín máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ gbé, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó sanwó.

Ibi tí ọwọ́ máa ń wà yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń tà á ti mọ̀ lọ. Ẹ mú téèpù aránṣọ, kí ẹnì kan wọn láti ojú yín dé ibi iṣẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ wá fi iye rẹ̀ pín 100. Fún ẹni tó ti kọjá 60, ìwé tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 ń fẹ́ +2.50. Ẹ̀rọ ìránṣọ ní 50 ń fẹ́ +2.00. Agbẹ́gilére tó ń fín ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu kì í gbé igi sún mọ́ imú bí ìwé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà ní 65, +1.50 ló máa fi ríṣẹ́. Bí ẹ bá gbé +2.50 fún un, á máa tẹ̀ síwájú lọ síbi igi náà ṣáá, ẹ̀yìn á sì máa dùn ún. Ẹni tó kéré sí 60 ṣì ní ìwọ̀nba rírọ̀ nínú ojú, kó dín in kù díẹ̀.

Nọ́mbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awò olówó pọ́ọ́kú kì í fìgbà gbogbo jóòótọ́, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé láìná kọ́bọ̀. Ẹ dúró nínú yàrá lọ́sàn-án, níbi ògiri funfun tó dojú kọ fèrèsé. Ẹ gbé awò náà súnmọ́ ògiri, kí ẹ máa fà á kúrò díẹ̀díẹ̀. Ibì kan wà tí igi tó wà lódìkejì òpópónà máa ti yọ sára ògiri, ní dídorí kodò, kékeré, tó mọ́ kedere. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ wọn láti awò dé ògiri. Sẹ̀ǹtímítà 67 jẹ́ +1.50, 50 jẹ́ +2.00, 40 jẹ́ +2.50, 33 jẹ́ +3.00. Ẹ wọn ti ọ̀tún, kí ẹ wọn ti òsì: bí àwọn méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ dá a padà. Bí àwòrán kankan kò bá yọ, tí ohun gbogbo sì kéré bí ẹ bá wò ó gba inú rẹ̀, awò ìwòjìnnà ni wọ́n tà fún yín. Ẹ má fi oòrùn ṣe é, torí ó lè jó ohun tó wà níwájú.

Awò orí àtẹ kò wúlò fún ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, ẹni tí kò ríran jìnnà, àti ọmọdé. Kí wọ́n lọ bá oníṣègùn ojú. Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn níbẹ̀ ni owó, àmọ́ ẹni tó bá mọ ìwé tí wọ́n kọ fún un kà lè dín in kù. OD ni ojú ọ̀tún, OG ni ti òsì. Sph ni nọ́mbà ìwòjìnnà, Cyl àti Axe jẹ́ fún ẹyinjú tí kò rí róbótó dáadáa, Add sì ni àfikún fún ìwé kíkà. Ẹ ro Sph àti Add pọ̀, nọ́mbà awò ìkàwé yín nìyẹn. Ẹni tí Sph rẹ̀ jẹ́ +0.50, tí Add jẹ́ +2.00, +2.50 ni tirẹ̀. Ẹni tí Sph rẹ̀ jẹ́ −2.00, tí Add sì jẹ́ +2.00, òdo ló kù: kó kàn bọ́ awò tó bá fẹ́ kàwé, kó má ra òmíràn! Awò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì, ọ̀kan fún ìwòjìnnà, ọ̀kan fún ìwé, sábà máa ń dínwó ju èyí tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ sínú rẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ fowó kún un nítorí ìmọ́lẹ̀ búlúù tẹlifóònù, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò. Kò sí ẹ̀rí gidi pé ó ń dín àárẹ̀ ojú kù.

Nígbà ọyẹ́, eruku tó bà lé awò dà bí yanrìn wẹ́wẹ́, etí ìró tí ẹ fi ń nù ún gbígbẹ ló ń fín in. Ẹ kọ́kọ́ da omi lé e, kí ẹ fi ìka pa ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ sí i, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ tó fi aṣọ òwú tó mọ́ nù ún. Ẹ má gbé e sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn, ara rẹ̀ á sán. Bí ìdè kékeré tó wà létí rẹ̀ bá ń tú, ẹ dè é, kí ẹ kán ọ̀dà èékánná ẹyọ kan lé e lórí.

Ìgbàgbọ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ pa àgbà lára ju ìnira lọ. Ọmọdé ló ń pa. Títí di nǹkan bí ọdún 7 sí 8, ọpọlọ ọmọ ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń ríran. Bí ojú kan bá ń fi àwòrán tó dàrú ránṣẹ́, ọpọlọ á pa á tì, tí ìgbà náà bá sì kọjá, awò tó gbówó lórí jù lọ kì í sábà dá ìríran náà padà tán. Ojú ọ̀lẹ gidi nìyẹn, àìwọ awò ló sì fà á! Ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀kan nínú ojú ọmọ, lẹ́yìn náà ẹ bo èkejì. Bí ó bá ń jà tàbí ń sunkún nígbà tí ẹ bo ọ̀kan, tí kò sì janpata nígbà tí ẹ bo èkejì, èyí tó kù fún un nígbà tó ń sunkún ló ní àléébù. Ní ti ọmọ tí kò ríran jìnnà, àwọn kan ní kí a fún un ní awò tó rẹlẹ̀ díẹ̀ kí ojú lè "ṣiṣẹ́". Wọ́n dán èyí wò ní Màléṣíà lára ọmọ 94 fún ọdún méjì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002: ojú àwọn tí awò wọn rẹlẹ̀ ló bàjẹ́ sí i jù.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ayọ̀ òjijì. Bàbá ẹni ọdún 68 tó ti ń lo awò ìkàwé tipẹ́ lè jí lọ́jọ́ kan, kó máa ka ìwé láìsí awò. Wọ́n á ní àgbo ló ṣiṣẹ́. Ó sábà máa ń jẹ́ pé kataráàtì ló ń bẹ̀rẹ̀: àárín awò inú ojú ń ki, ó ń yí nọ́mbà padà, ìríran jíjìn sì ń lọ lábẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe ewé tí a fún sójú. Gilókómà, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, tún burú jù, torí kì í sábà dun èèyàn. Etí ìríran ló ń jẹ kó tó dé àárín, ohun tó bá sì jẹ kì í padà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹni tó ti lé lógójì, pàápàá tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti fọ́jú, kó máa lọ wọn ìfúnpá ojú lẹ́ẹ̀kan ní ọdún kan sí méjì.

Ẹ lè mọ èyí tí awò lè ràn lọ́wọ́ àti èyí tí kò lè ràn lọ́wọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan, nǹkan bíi mìlímítà 1, sára páálí dúdú. Ẹ bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo kàlẹ́ńdà tó wà ní mítà 4 gba inú ihò náà. Bí lẹ́tà tó dàrú bá mọ́ sí i, nọ́mbà ló sábà máa ń jẹ́ ìṣòro náà, awò á ṣe é. Bí lẹ́tà tó dàrú náà bá ṣì wà bó ṣe wà, tàbí tó tún ṣókùnkùn sí i, ẹ má ra awò kankan, oníṣègùn ojú ni kí ẹ lọ rí lọ́sẹ̀ yẹn.