Àtúnṣe: Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun kì í ṣílẹ̀kùn káràkátà agbábọ́ọ̀lù

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri láàárín àwọn olólùfẹ́ Manchester United n'Íbàdàn: pé bí ẹgbẹ́ bá pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá, FIFA máa ń fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti ra agbábọ́ọ̀lù. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Abala 6 òfin FIFA lórí káràkátà agbábọ́ọ̀lù fi àsìkò méjì lélẹ̀ lọ́dún fún ìforúkọsílẹ̀. Òfin náà ló de Shooting Stars wa ní Adámásìngbà. Ó yọ̀ǹda kí ẹgbẹ́ forúkọ agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ ti parí kí ìlẹ̀kùn tó tì sílẹ̀ lẹ́yìn àsìkò náà, ṣùgbọ́n kò ka lílé akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ́ ìdí kankan.

Ẹ wo United fúnra wọn. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Erik ten Hag, lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹwàá, 2024. Ruben Amorim tó rọ́pò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 11 oṣù Kọkànlá. Agbábọ́ọ̀lù tuntun, Patrick Dorgu, kò wọlé títí di ọjọ́ 2 oṣù Kejì, 2025, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ìlẹ̀kùn tì. Bí àǹfààní ọgbọ̀n ọjọ́ bá wà, kí ni wọ́n ń dúró dè?

Ó yéni pé ara ń kan olólùfẹ́. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wo ojú òpó FIFA àti ti ẹgbẹ́ náà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí sí gbogbo gúrúùpù tí ti àkọ́kọ́ ti dé.