Omi òkun tó tutù lóṣù Kẹjọ: àtúnṣe sí àtẹ̀jíṣẹ́ kan

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé yìnyín tó yọ́ ti ya wọ òkun láti Abidjan dé Ẹ̀kó, pé òkun fẹ́ ya bo ìlú. Àwòrán sátẹ́láìtì méjì ni wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀: ti oṣù Karùn-ún pupa, ti oṣù Kẹjọ sì ní ìlà búlúù gbọọrọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán lè jẹ́ òótọ́, àlàyé ló ṣì. Lọ́dọọdún, láti oṣù Keje sí Kẹsàn-án, omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun létí Côte d'Ivoire àti Gánà, títí dé Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Omi tó wà ní nǹkan bí 28°C á wálẹ̀ sí 25°C tàbí kó dín. Omi tútù yìí ni ìlà búlúù yẹn, etí rẹ̀ sì ni ibi tó ti pàdé omi gbígbóná. (Àwọn apẹja Gánà kì í bẹ̀rù rẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹja sáwá ń pọ̀.)

Ọdún kò sì jọra. Bí atẹ́gùn ìlà-oòrùn bá rọ̀ ní agbedeméjì ayé, omi ibẹ̀ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, bó ṣe rí lọ́dún 1984 àti 2021.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí máàpù ìgbóná àti òtútù ojú òkun ti NOAA (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òkun àti ojú ọjọ́). Ẹ fi oṣù Kẹjọ wé oṣù Kẹjọ ọdún mìíràn, ẹ má fi wé oṣù Karùn-ún. Kí ẹ tó gba àwọ̀ gbọ́, ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ máàpù: bí nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá súnmọ́ra jù, ìyàtọ̀ 1°C péré á dà bí iná àti yìnyín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gúrúùpù tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.