Síìtì ẹ́ńjìnnì tí ó le bí òkúta kọ́ ni ó dára jù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ onímọ́tò, títí kan àwọn mẹkáníìkì tí iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní síìtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn irin àti rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé nínú ọkọ̀, ní àléébù kan, pé rọ́bà rẹ̀ rọ̀, àti pé ẹni tí ó bá fi ohun líle dípò rẹ̀ ti bọ́ nínú ìyọnu. Èrò yìí ló wà nídìí àṣà kan tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn tún ọkọ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn a ra gọ́ọ̀mù urethane tí a fi ń lẹ gíláàsì iwájú ọkọ̀, tàbí urethane olómi tí ó wà nínú ike méjì tí a ó pò pọ̀, wọn a dà á sí gbogbo àyè tí ó ṣófo láàárín rọ́bà àti irin síìtì náà, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó gan. Lọ́dọ̀ tiwa, mo ti rí ẹni tí ó gé táyà ògbólógbòó fi há àyè náà. Ohun èlò ló yàtọ̀, ìgbàgbọ́ kan náà ni: kí ó ṣáà ti le.

Èmi náà gbà á gbọ́ rí. Mo ń wa Camry Big Daddy onísìlíńdà mẹ́rin nígbà náà, rọ́bà ọ̀kan nínú àwọn síìtì rẹ̀ sì ti ya. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n ń ta tuntun, ẹnu mi wọhò. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ jẹ́ ká dí i pa, kò tún ní bàjẹ́ mọ́ láyé." Mo ra gọ́ọ̀mù gíláàsì, mo fi téèpù dí ìsàlẹ̀ síìtì náà, mo tẹ gọ́ọ̀mù dúdú náà sínú rẹ̀ títí ó fi kún dẹ́nu, mo sì fi ọ̀bẹ tí a fi ń ra bọ́tà sí búrẹ́dì tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó dára lójú mi gan-an ni.

Nígbà tí a dè é padà, gìrì tí ọkọ̀ máa ń ṣe bí mo bá ti kó o sí gíà ti lọ, èyí sì ni ohun tí ń tan ènìyàn jẹ. Ibi tí àṣírí ti tú ni ibi iná tí ń darí ọkọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Mo tẹ búrẹ́kì, mo wo dígí ẹ̀yìn, iná iwájú méjì tí ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn mi ní sì ti di mẹ́rin, nítorí dígí náà ń gbọ̀n débi pé kò lè fi ohunkóhun hàn lójú kan. Bí mo bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, dáṣíbọ́ọ̀dù a bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, eyín mi a sì fẹ́ máa bá a dún.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ní awo nínú. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin tí ó ń yí ní ìgbà 750 ní ìṣẹ́jú kan, bí ó ṣe sábà máa ń rí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí a kò pa á, ń tanná lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó ń ti ara rẹ̀ ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀wẹ̀, gbogbo ohun wúwo tí a bá gbé lé orí rọ́bà ni ó ní ìwọ̀n mímì tí ó jẹ́ tirẹ̀, èyí tí yóò máa mì bí a bá tì í lẹ́ẹ̀kan tí a sì fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ti ẹ́ńjìnnì wa sí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Síìtì kò lè dí ìgbọ̀nrìrì lọ́nà àyàfi tí ìgbọ̀nrìrì náà bá yára ju ìwọ̀n yẹn lọ ní ìlọ́po 1.4, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ ju 14 lọ. Tiwa jẹ́ 25, ó ti kọjá rẹ̀ dáadáa, ara ọkọ̀ sì wà ní ìrọ̀rùn. Nígbà tí a bá wá sọ síìtì náà di líle ní ìlọ́po mẹ́rin, ìwọ̀n mímì rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì, ìyẹn 20, ààlà náà yóò sì sún sí 28. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò dé ibẹ̀ mọ́. Láti ìgbà yẹn lọ, síìtì náà kò dín ìgbọ̀nrìrì kù mọ́, ńṣe ni ó ń bù sí i. Ẹni tí ó bá ti ti ọmọ lórí jangirọ́fà rí mọ̀ pé bí ọwọ́ bá ti bá àsìkò jangirọ́fà mu, títì díẹ̀ ni ó ń gbé ọmọ lọ sókè réré.

Ìlọ́po mẹ́rin kì í sì í ṣe àsọdùn. Wọ́n máa ń fi òṣùwọ̀n Shore A wọn líle rọ́bà, bí nọ́ḿbà bá ṣe pọ̀ tó ni rọ́bà ṣe le tó: rọ́bà síìtì tí ó ti ilé-iṣẹ́ wá sábà máa ń wà láàárín 40 sí 60, nígbà tí urethane olómi tí àwọn ènìyàn ń rà fún iṣẹ́ yìí máa ń jẹ́ 60, 80, tàbí kí ó lé ní 90. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà yìí kọ́ ni olórí ọ̀ràn náà. Rọ́bà kì í sún kì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó gbọ́dọ̀ wú lọ́hùn-ún. Àyè òfìfo tí a ń rí nínú síìtì, èyí tí gbogbo wa ń wò bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ ṣahun rọ́bà, ni ibi tí rọ́bà náà ń wú sí. Òun náà ni ó ń jẹ́ kí síìtì rọ̀ fún ìgbọ̀nrìrì kékeré, kí ó sì wá le nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ara rẹ̀ débi tí rọ́bà fi kan rọ́bà. Ẹni tí ó bá dí àyè yẹn ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ rọ́bà, ohun tí ó sì kù kò yàtọ̀ púpọ̀ sí irin.

Ti síìtì tí ó ní omi nínú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń wà. Omi inú rẹ̀, tí a fi kẹ́míkà olómi tí ń jẹ́ glycol ṣe, ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan kọjá láti yàrá kan sí èkejì. Nígbà tí táyà bá já sí kòtò tí ẹ́ńjìnnì sì fò sókè, ìnira tí omi náà ń rí lójú ọ̀nà yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa jó lọ. Bí omi náà bá ti jo tán, kò sí gọ́ọ̀mù tí a lè dà síbẹ̀ tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ kò ṣàì mọ líle. Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, bóòtù ni wọ́n fi ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù, gbogbo ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Ní ọdún 1931 ni Chrysler gbé Plymouth PA jáde, tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin rẹ̀ lé rọ́bà lọ́nà tí yóò fi lè mì láyè ara rẹ̀ láì mi ọkọ̀. Floating Power ni wọ́n pe ọgbọ́n náà, Citroën ti ilẹ̀ Faransé sì gba ìyọ̀ǹda láti lò ó lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n ti kúrò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni à ń padà sí, tí a sì ń pè é ní àtúnṣe.

N kò bá urethane jà o. Láti ọdún 1937 tí onímọ̀ kẹ́místìrì Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàwárí polyurethane, tí a ń gé kúrú sí urethane, ní Leverkusen, ní Jámánì, ó ti wúlò fún ohun púpọ̀: kì í tètè ya, epo ẹ́ńjìnnì kì í sì í tètè jẹ ẹ́ bí ó ṣe ń jẹ rọ́bà igi. Ọkọ̀ eré ìje nílò rẹ̀, nítorí awakọ̀ ibẹ̀ fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì má yẹ̀ kúrò lójú kan, kò sì bìkítà bí eyín òun bá ń gbọ̀n. Àwọn kan tún máa ń fi sí kìkì síìtì tí ń mú ẹ́ńjìnnì kí ó má tàkìtì síwá-sẹ́yìn, wọn a fi àwọn tí ń gbé ìwúwo sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìyẹn mọ́gbọ́n wá díẹ̀. Ti àwọn tí ó ní ó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Síìtì kì í jó epo.

Ọ̀rọ̀ pé kò ní bàjẹ́ mọ́ láyé ni ó kù. Oṣù kan lẹ́yìn tí mo dè é, mo tú u. Gọ́ọ̀mù náà ti ṣí kúrò lára irin yíká, nítorí pé epo ṣì wà lára irin náà nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fi iyanrìn fín irin, wọn a sì fi oògùn ìlẹmọ́ pa á kí wọ́n tó ṣe é mọ́ rọ́bà. Mo wá fi ayùn là á sí méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú gọ́ọ̀mù gíláàsì gan, láti ẹ̀yìn wọ inú, ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ lóòjọ́, bí èyí tí ó ti gan bá sì ṣe ń nípọn sí i ni ọ̀rinrin ṣe ń pẹ́ kí ó tó dé inú. Ìlà tín-ín-rín etí gíláàsì ni wọ́n ṣe é fún.

Urethane oníke méjì kì í ní ìṣòro yẹn, òdìkejì rẹ̀ ni tirẹ̀: bí ọ̀rinrin bá kàn án kí ó tó gan, yóò mú afẹ́fẹ́ jáde, inú rẹ̀ yóò sì kún fún ihò bíi fóòmù, ẹ sì mọ bí afẹ́fẹ́ wa ti ń rí lásìkò òjò. Isocyanate, kẹ́míkà tí ó wà nínú ọ̀kan nínú ike méjèèjì, lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀, nítorí náà inú yàrá kọ́ ni a ti ń pò ó, a kì í sì í fi ọwọ́ lásán kàn án.

Ìgbọ̀nrìrì tí síìtì kò gbà mọ́ kò sì sọnù. Ó kọjá sí ara ọkọ̀, níbi tí ó ti ń tú bóòtù tí ó sì ń dán ìsopọ̀ sáléńsà àti irin tí ó gbé síìtì ró wò lójoojúmọ́. Ní tèmi, bóòtù méjì ti dẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, ọjà Aráròmí ní Agodi Gate, n'Ìbàdàn, ni mo lọ. Síìtì tòkunbọ̀ méjì ni ọmọkùnrin tí ń tajà gbé kalẹ̀. Rọ́bà ọ̀kan ti gbó, ó ti le gbagidi. Ti èkejì ṣì rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò, kò sí ojú ríro omi lára rẹ̀, rọ́bà kò sì ṣí lára irin níbì kankan. Ó gbá èyí tí ó le mọ́lẹ̀ kí n lè gbọ́ bí ó ṣe dún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Eléyìí ni orígínà." Mo ní kí ó bá mi di èkejì.