"Social" kì í ṣe ìwé àṣẹ iṣẹ́

Lọ́jọ́ Àìkú, ní Kubwa, ìyá kan nínú ìjọ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ rí iléèwé wọ̀ ní Texas. Ẹ̀jẹ́ǹtì kan ní Wuse ní kí wọ́n mú ₦200,000 wá, kí òun bá a ṣe "social", ìyẹn nọ́ńbà Social Security ti Amẹ́ríkà, kó tó wọ bàálù, kó má bàa jókòó lásán tó bá débẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò wọ́n jù?" Owó yẹn nìkan ló ń kọ ọ́ lóminú.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. A rò pé nọ́ńbà Social Security dà bíi NIN wa, àti pé ẹni tó bá ti ní in, ibi iṣẹ́ tó bá wù ú ló lè wọ̀. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún náà a máa sọ ọ́ lórí fóònù: "Ṣáà gba social, iṣẹ́ pọ̀." Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nọ́ńbà tí ìjọba fi ń ṣírò owó iṣẹ́ àti owó orí ènìyàn ni. Àṣẹ iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Wọ́n tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sára káàdì tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ àlejò pé kò wúlò fún iṣẹ́ àfi pẹ̀lú àṣẹ DHS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹnubodè wọn.

Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, lè ṣiṣẹ́ nínú ọgbà iléèwé, kó má ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ. Iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló máa mú lẹ́tà ẹni tó gbà á síṣẹ́ àti ti iléèwé lọ sí ọ́fíìsì Social Security. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ó tiẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí nọ́ńbà náà tó jáde. Níta ọgbà, àṣẹ iṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ ẹni mu, tí wọ́n ń pè ní CPT tàbí OPT, ló sábà máa ń jẹ́, wọn kì í sì í sábà fún ẹni tí kò tíì lo ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko. Ọmọ tó bá lọ ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ torí pé "mo ti ní social" lè pàdánù ipò akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Báwo wá ni ẹni tó jókòó sí Wuse ṣe fẹ́ gba nọ́ńbà fún ẹni tí kò tíì gba físà?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ₦200,000 lọ ni fọ́ọ̀mù tí ọmọ náà ti kún fún ẹ̀jẹ́ǹtì náà: nọ́ńbà páásípọ̀ọ̀tù, ọjọ́ ìbí, orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kó tó lọ ilé ọkọ. Ó ti mọ́ wa lára láti máa fi NIN lé ọmọ káfè lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀nyẹn lè ran olè lọ́wọ́ láti yá owó lórúkọ ẹni.

Àwọn gbájú-ẹ̀ tún wà tí wọ́n ń pe akẹ́kọ̀ọ́ pé wọ́n ti dá social rẹ̀ dúró, ọlọ́pàá ń bọ̀, kó sáré ra gift card kó ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ́fíìsì Social Security kì í dá nọ́ńbà ẹnikẹ́ni dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tó rò pé nọ́ńbà náà ni àṣẹ òun, jìnnìjìnnì á bò ó.

Mo ní kí ìyá náà pe ẹ̀jẹ́ǹtì lójú mi, kó bi í pé ọ́fíìsì wo ló ti ń gbà á. Ó ní àṣírí iṣẹ́ òun nìyẹn. Ó wá fi kún un pé, torí pé ọmọ Yorùbá la jọ jẹ́, òun á gba ₦150,000.